Ìkòkò Aró àti Ọ̀nà Àbùjá

Àwọn àgbà a máa pa á lówe pé, "Àbùjá kan kò sí lọ́rùn ọ̀pẹ; ibi tí a bá gbà gùn ún ni a ó gbà sọ̀ kalẹ̀." Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí ti gbọ́ òwe náà rí, bóyá ẹ tilẹ̀ ti kọ ọ́ sínú ìdánwò. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a mọ òwe, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ìdí tí a fi pa á. Ní òde òní, kò sí ibi tí a kò ti ń gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà ń ráhùn pé iṣẹ́ ọwọ́ ti bàjẹ́. Wọ́n a ní ògiri ilé tí a mọ lánàá ti là lónìí. Wọ́n a ní bàtà tí a rán ní òwúrọ̀ ti já kí ó tó di alẹ́. Wọ́n a ní ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì lo ọdún kan lọ́dọ̀ ọ̀gá ti ń fẹ́ gba òmìnira. Lẹ́yìn náà, wọ́n a di gbogbo ẹ̀bi náà ru àwọn ọ̀dọ́. Èmi pẹ̀lú ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ọ̀gá ilé-ìwé ni mo jẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, ìráhùn kò sì ṣòro fún ọ̀gá ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, mo rí i pé ìtàn rẹ̀ gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, àti pé ọwọ́ èmi pàápàá kò mọ́ nínú rẹ̀. Ìtàn aró ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín, nítorí ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Ara ni ìlú mi, ní agbègbè Ẹdẹ, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìlú wa kò jìnnà sí Òṣogbo, ìlú tí gbogbo Yorùbá mọ̀ mọ́ aró. Àwọn ará Òṣogbo a máa pìtàn pé nígbà tí àwọn tí ó tẹ ìlú náà dó gé igi kan lẹ́bàá odò, igi náà wó lu omi, ohùn kan sì ké jáde láti inú odò pé wọ́n ti fọ́ gbogbo ìkòkò aró òun. Ọ̀ṣun ni ó ni ohùn náà. Ẹ kíyè sí i pé nínú gbogbo ohun tí òrìṣà lè ní nísàlẹ̀ omi, ìkòkò aró ni àwọn baba wa fi sí ilé rẹ̀. Èyí fi hàn wá bí iṣẹ́ náà ti níyì tó lójú wọn. Aró ni wọ́n fi ń pa òwú ẹtù, ọ̀kan nínú aṣọ mẹ́ta tí ó níyì jù lọ nínú aṣọ òkè, pẹ̀lú sányán àti àlàárì. Aró ni wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, tí àwọn obìnrin ń fi ìyẹ́ adìyẹ àti ẹ̀kọ láfún kọ ọnà sí lára, àti àdìrẹ oníko, tí wọ́n ń fi ìko di aṣọ kí aró má baà dé ojú ibi tí a dì.

Aláró ni ìyá mi. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé, ní nǹkan bí ọdún 1965 sí 1970, ìkòkò mẹ́rin ni ó wà lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn ilé wa. Iṣẹ́ inú wọn kò ṣeé kánjú ṣe. Ní àkọ́kọ́, a ó já ewé èlú tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rúwé, a ó gún un nínú odó títí yóò fi dúdú, a ó mọ ọ́n roboto bí ẹ̀ṣẹ́ ọmọdé, a ó sì sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan eérú. Kì í ṣe eérú gbogbo igi ni ìyá mi ń gbà. Bí ẹnì kan bá gbé eérú wá, yóò fi ọwọ́ pa á, yóò sì bèèrè irú igi tí wọ́n dá. Ìkòkò méjì ni a ń gbé ka orí ara wọn. A ó lu ihò sí ìdí tòkè, a ó di eérú kún inú rẹ̀, a ó sì máa bu omi sí i díẹ̀díẹ̀. Omi náà yóò máa kán sínú tìsàlẹ̀, yóò sì máa yọ̀ lọ́wọ́ bí omi ọṣẹ. Ìyá mi a fi ìka kàn án, a sì fi ìka náà kan ahọ́n. Bí ó bá ta á lẹ́nu tó bí ó ti fẹ́, ó tó. Bí kò bá tó, a ó tún un dà sórí eérú mìíràn.

Nígbà náà ni a ó fọ́ èlú gbígbẹ sínú omi eérú, a ó bò ó, a ó sì máa rò ó lójoojúmọ́. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí aró tó pé. Ní gbogbo àkókò yìí, ìyá mi a máa ṣí ìkòkò ní ìdájí, a gbọ́ òórùn rẹ̀, a sì wo ìhó orí rẹ̀ bóyá ó ti ń dán bí bàbà. Bí ó bá pé, a ó ri aṣọ bọ̀ ọ́. Ohun tí ó máa ń yà mí lẹ́nu nìyí: aṣọ tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde kì í ní àwọ̀ aró rárá, bí ewé ni àwọ̀ rẹ̀ ń rí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti nà án sínú afẹ́fẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú lójú wa, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ti í ṣú ní ìrọ̀lẹ́. Bí àwa ọmọdé bá fẹ́ tètè rì í padà, ìyá mi a ní, "Ẹ má tíì rì í o. Ẹ jẹ́ kí ó mí ná." Bẹ́ẹ̀ ni a ó máa rì í, tí a ó sì máa nà án, lọ́pọ̀lọpọ̀ ìgbà, títí yóò fi dà bí ìyẹ́ agbe.

Nígbà tí mo di olùkọ́ ni mo tó kà nínú ìwé pé òótọ́ pátápátá ni ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀dá aró ni pé kì í yọ́ nínú omi lásán. Nínú ìkòkò tí a bò, àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú kò lè rí ń ṣiṣẹ́ lára ewé náà, wọ́n sì ń yí ẹ̀dá aró náà padà. Nígbà náà ni ó tó lè yọ́ nínú omi eérú, tí ó sì lè wọ inú fọ́nrán òwú lọ. Bí a bá fa aṣọ jáde, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ a tún bá a pàdé, aró a sì padà di ohun tí kì í yọ́ nínú omi, ṣùgbọ́n ó ti há sínú òwú. Ìdí rẹ̀ nìyí tí aró tí a rẹ dáadáa kì í fi í ṣí bọ̀rọ̀. Ìyá mi kò mọ orúkọ ọ́síjìn títí ó fi dágbére fún ayé, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fún un ní àkókò láti ṣe é.

Ní ilẹ̀ òkèèrè, ẹnì kan ń wá ìdí aró yìí ní ọ̀nà tirẹ̀. Ní ọdún 1865, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Adolf von Baeyer, bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí a ṣe lè ṣe aró láìlo ewé kankan. Ọdún 1883 ni ó tó lè sọ bí a ti to àwọn èròjà inú rẹ̀ jọ. Síbẹ̀ iṣẹ́ kò tíì tán. Ọdún 1897 ni ilé-iṣẹ́ BASF tó lè gbé aró àtọwọ́dá náà jáde fún títà. Ẹ ṣírò rẹ̀: láti 1865 dé 1897 jẹ́ ọdún 32. Ní 1905 wọ́n fi ẹ̀bùn Nobel dá Baeyer lọ́lá. Kí Ogun Àgbáyé Kìíní tó bẹ̀rẹ̀ ní 1914, oko aró ilẹ̀ Íńdíà, tí ó ti kún fún ọrọ̀ tẹ́lẹ̀, ti dínkù gidigidi.

Kò pẹ́ tí aró inú agolo náà fi dé ilẹ̀ wa. Ọkọ̀ ojú irin wọ Òṣogbo ní 1907, ọjà òyìnbó sì ń bá a wọlé. Kọ́sítíìkì sódà tẹ̀ lé aró àtọwọ́dá, ó sì gba ipò eérú. Ohun tí eérú àti sùúrù ń fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe, sódà àti ìyẹ̀fun inú agolo ń parí rẹ̀ láàrin ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n sódà le. Bí ó bá pọ̀ jù, a bó ọwọ́ aláró, a sì jẹ aṣọ.

Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà. Ní àwọn ọdún 1920, àdìrẹ Abẹ́òkúta ti di ọjà ńlá tí àwọn oníṣòwò ń rà lọ sí òkèèrè, títí dé ilẹ̀ Gánà òde òní àti Sẹ̀nẹ̀gà. Nígbà tí sódà gbilẹ̀ láàrin àwọn aláró, àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aró ń ṣí, aṣọ sì ń tètè gbó. Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì fi òfin de sódà àti aró àtọwọ́dá. Àwọn obìnrin aláró kò gbà. Wọ́n ké gbàjarè, ọ̀rọ̀ náà sì le débi pé ní 1936 ìjọba gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ṣe tètè dá àwọn obìnrin wọ̀nyí lẹ́bi. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni wọ́n. Ọrọ̀ ajé gbogbo ayé ti dẹnu kọlẹ̀ láti 1929. Owó wọ́n, àwọn oníbàárà sì ń fẹ́ aṣọ tí kò wọ́n. Ẹni tí ó bá fi ọ̀sẹ̀ kan rẹ aṣọ yóò bá ẹni tí ó fi ọjọ́ kan rẹ ẹ́ pàdé lọ́jà kan náà, owó kan náà ni a ó sì ná aṣọ àwọn méjèèjì. Bí ẹni tí ń rà kò bá fẹ́ san owó iṣẹ́ dáadáa, ìgbà wo ni oníṣẹ́ yóò máa ṣe é dà? Nítorí náà òfin Aláké kò lè dá omi eérú padà sínú ìkòkò. Sódà dúró, ó sì wà títí di òní. Ẹ̀kọ́ pàtàkì ni èyí: kì í ṣe oníṣẹ́ nìkan ni ó ń ba iṣẹ́ jẹ́, ẹni tí ń ra ohun tí kò dára nítorí pé kò wọ́n jẹ̀bi pẹ̀lú rẹ̀.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀bi tèmi. Ní 1979 ni mo gba ìwé-ẹ̀rí olùkọ́. Mo gbà pé ojú mi ti là. Nígbà tí mo gba owó oṣù àkọ́kọ́, mo ra sódà agolo kan àti aró àtọwọ́dá ní Òṣogbo, mo gbé wọn wá fún ìyá mi ní Ara gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn. Mo ní, "Ìyá mi, ayé ti yí padà. Ẹ má fi eérú pa ara yín mọ́." Ó wo agolo náà títí, ó sì gbàdúrà fún mi. Nítorí pé ọmọ rẹ̀ ni ó rà á, ó lò ó. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀ mo bi í bí ó ti rí. Ó ní, "Àjàní, ó yá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í bá mi sọ̀rọ̀. Aró eérú a máa bá mi sọ̀rọ̀. Bí ebi bá ń pa á, mo mọ̀. Bí ó bá yó, mo mọ̀." Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ọ̀rọ̀ arúgbó lásán ni.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, kíjìpá oníbàárà kan fà ya bí ìwé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mejì. Ìyá mi san owó rẹ̀ láìjiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà náà, kò sí ẹni tí ń já ewé èlú fún un mọ́, ìkòkò méjì sì ti fọ́. Àwọn àbúrò mi obìnrin tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ náà, sódà ni wọ́n bá nílẹ̀, òun nìkan ni wọ́n sì mọ̀. Ìyá mi kú ní 1998. Èmi tí mo mọ̀wé, tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé kíkọ, n kò jókòó ní ọjọ́ kan ṣoṣo láti kọ ohun tí ó mọ̀ sílẹ̀. Ohun tí mo sọ fún yín lókè yìí, ìrántí ọmọdé ni. Eérú igi wo ni ó ń gbà, èwo ni ó ń kọ̀? Báwo ni ó ṣe yẹ kí omi náà ta ahọ́n tó? Bí ẹ bá gbé ìkòkò kan fún mi lónìí, n kò lè rẹ ìborùn kan ṣoṣo. Mo mọ ìwé aró; n kò mọ aró.

Ẹ̀bi mi kò tán síbẹ̀. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣe ọ̀gá, a ní ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ilé-ìwé ìgbà náà ti ní. Ní ìparí sáà, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní láti mú ohun tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá: ìgbálẹ̀, agbọ̀n tàbí ẹní. Mo mọ̀ dájú pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ra tiwọn lọ́jà ni. Agbọ̀n mẹ́fà a máa jọ ara wọn bí ọmọ ìyá, nítorí pé ọwọ́ kan náà ni ó hun wọ́n. Síbẹ̀ a fún wọn ní máàkì. Ó rọrùn fún ọmọ, ó rọrùn fún òbí, ó sì rọrùn fún wa. Báwo ni n ó ṣe wá jókòó lónìí kí n máa bú ọ̀dọ́ tí kò lè ṣe nǹkan, nígbà tí ó jẹ́ pé èmi ni mo fún un ní máàkì fún ohun tí kò ṣe?

Bóyá ẹnì kan yóò wí pé kò sí ewu níbẹ̀, pé ìmọ̀ kì í parẹ́ pátápátá. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún lọ sí Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀, láàrin ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkẹẹ̀ẹ́dógún, àwọn baba wa ń ṣe gíláàsì fúnra wọn, wọ́n sì ń fi í ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ walẹ̀ níbẹ̀ láàrin 2010 sí 2012. Wọ́n rí ìlẹ̀kẹ̀ tí ó ju 12,000 lọ, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí wọ́n fi yọ́ gíláàsì náà. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà inú rẹ̀ kò bá ti Yúróòpù tàbí ti àwọn Lárúbáwá mu. Àtọwọ́dá ilẹ̀ yìí ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Leo Frobenius, òyìnbó ará Jámánì, dé Ifẹ̀ ní 1910, ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wú ìlẹ̀kẹ̀ wọ̀nyí jáde. A kò ṣe é mọ́. Àwọn ọmọ ń wa ohun tí àwọn baba wọn ń ṣe, gẹ́gẹ́ bí ẹní ń wa wúrà. Bí ìran kan ṣoṣo kò bá fi iṣẹ́ lé ìran kejì lọ́wọ́, òpin rẹ̀ nìyẹn. Ọgbọ́n ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan á wá di ohun tí a ń fi ṣọ́bìrì wá.

Ti aró kò tíì dé ibẹ̀ yẹn, a sì dúpẹ́. Ní 1983, Nike Davies-Okundaye dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní àdìrẹ àti aró èlú lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn kan wá láti òkè òkun láti kọ́ ohun tí èmi, ọmọ aláró, kọ̀ láti kọ́ lẹ́yìn ilé ìyá mi.

Kí ni a rí kọ́ nínú ìtàn yìí? Èkínní ni pé ohun tuntun kì í ṣe ọ̀tá. Baeyer kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni sódà kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọdún 32 náà. Ohun tí ó jẹ́ ọ̀nà àbùjá fún wa, ọ̀nà gígùn ni ẹlòmíràn rìn kí ó tó là á. Ẹni tí ó rin ọ̀nà gígùn ni ó mọ ìdí iṣẹ́, òun ni ó sì ń gba èrè tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tí ó ń lo ohun tí kò mọ ìdí rẹ̀, ayálégbé ni nínú iṣẹ́ ara rẹ̀.

Èkejì ni pé kí ẹ bi àwọn àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè. Bàbá kan ń bẹ ládùúgbò yín tí ó mọ bí a ti ń gbẹ́ odó. Ìyá kan ń bẹ tí ó mọ bí a ti ń se ọṣẹ dúdú. Ẹ mú ìwé àti kálámù tọ̀ wọ́n lọ, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ kan iṣẹ́ náà pẹ̀lú, nítorí ìwé kò lè sọ bí omi eérú ṣe ń ta ahọ́n.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ti àwa àgbà: kí a má ṣe fún ọmọ ní máàkì fún ohun tí kò ṣe, kí a sì san owó tí ó yẹ fún iṣẹ́ tí ó dára. Bí a kò bá ṣe méjèèjì, kí a pa ẹnu mọ́ nípa ọ̀dọ́ òde òní.

Ọ̀kan nínú ìkòkò ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn ilé wa ní Ara. Omi òjò ni ó ń gbà báyìí, àwọn adìyẹ sì ń mu ún. Bí mo bá wò ó, mo máa ń rántí agolo tí mo fi ayọ̀ gbé wá ní 1979. Lónìí ẹ̀yin náà ní agolo tiyín: ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ yín tí ó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè iṣẹ́ àmúrelé kí ẹ tó ṣẹ́jú. N kò ní kí ẹ sọ ọ́ nù. Ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tí ẹnikẹ́ni bá gbé ọ̀nà àbùjá fún yín, ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé: ta ni ó rin ọ̀nà gígùn rẹ̀, kí sì ni ó mọ̀ tí èmi kò mọ̀?